Àjẹsára àti Ìbéèrè Àwọn Òbí: Ọ̀rọ̀ lórí Èdè àti Ìfọkàntán ní Àríwá Èkìtì

Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ni a fẹ́ gbọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó dúró níhìn-ín ń bẹ ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ó tún pọ̀n ọ́n padà sílé, oògùn kọ́ ni ó dá a padà. Ọ̀rọ̀ ni. Ó gbọ́ ọ̀kan lọ́jà, ó gbọ́ òmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ ẹ̀kẹta lórí fóònù. Nígbà tí ó sì béèrè èwo ni òótọ́ nínú wọn, wọ́n ní kí ó dákẹ́ kí ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí ó wádìí ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó gbé pamọ́ sínú.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé iyèméjì àwọn òbí kì í sábà jẹ́ àìmọ̀kan. Ìbéèrè ni, ó sì ní ìtàn lẹ́yìn. Bí a bá fi èébú dá ìbéèrè lóhùn, ọmọ tí kò dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó mú un lò, àjẹsára ti wà nínú èdè wa. Oògùn tí ènìyàn jẹ, tí ó wọ ara rẹ̀ lọ tí ó sì dúró síbẹ̀, kí oró má baà ràn án, òun ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe abẹ́rẹ́ òyìnbó gbọ́ èdè dáadáa: ó rí i pé ohun méjèèjì jọ ń múra de ibi tí kò tíì dé. Bupá ni àwọn àgbà ń pe ti ilẹ̀-gbóná, èyí tí wọ́n ń ṣe sí apá, tí àpá rẹ̀ kì í parẹ́ títí ọjọ́ ikú. Orúkọ ti àtijọ́ yẹn mú ọkàn lọ sí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kan ni lára. Àjẹsára ní tirẹ̀ sọ ohun tí oògùn ń ṣe nínú ara. Ó dára jù, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù wúwo ju bí ẹni tí ó yá a lò ti rò lọ.

Ìdí ni pé àjẹsára ìbílẹ̀ ní olóhun, ó sì ní èèwọ̀. Adáhunṣe tí ó ṣe é ń gbé nínú ìlú. A mọ ilé rẹ̀, a mọ ọmọ rẹ̀, bí oògùn bá sì ṣòdì, a mọ ẹni tí a ó lọ bá. Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sọ èèwọ̀ oògùn fún wa: má ṣe jẹ èyí, má ṣe tọ̀hún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oògùn yóò bàjẹ́. Ìyá tí ó dàgbà sínú èdè yìí lè bi nọ́ọ̀sì pé, “Kí ni èèwọ̀ rẹ̀?” Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ lè fi rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tí ìyá yìí fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó lè ba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà jẹ́, ìdáhùn sì wà. Ìgbà ni èèwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fún ọmọ ní díẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí i; ó di ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14; ti èéyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ di oṣù 9, ti èéyi sì tún padà ní oṣù 15. Ẹni tí ó gba ti ọ̀sẹ̀ 6 tí ó fi ìyókù sílẹ̀ ti jẹ èèwọ̀ náà. Bí ọjọ́ bá sì ti yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó gbé ọmọ wá síbẹ̀síbẹ̀: èèwọ̀ yìí ní ètùtù, ètùtù rẹ̀ kò sì ju pé kí a padà wá lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì nìyí, ìyá kò sì ní gbàgbé rẹ̀, nítorí inú ìmọ̀ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni a gbé e sí.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fáàrí, tí wọ́n á ní gbẹ́rẹ́ àwọn baba wa ni òyìnbó jí kó tí ó di abẹ́rẹ́. N kò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, sọ fún olówó rẹ̀, àlùfáà Cotton Mather, pé ní ilẹ̀ àwọn, wọ́n ti mú oje ara ẹni tí ilẹ̀-gbóná ń ṣe, wọ́n sì ti fi í sí ojú gbẹ́rẹ́ lára òun, àrùn náà kò sì lè mú òun mọ́. Nígbà tí ilẹ̀-gbóná wọ Boston ní 1721, dókítà Zabdiel Boylston dán ọ̀nà yìí wò. Nínú àwọn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, bí ẹni 14 nínú 100 ni ó kú. Nínú àwọn tí Boylston sín, bí ẹni 2 nínú 100 ni. Ní 1796 ni Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo àrùn màlúù tí kò le tó bẹ́ẹ̀ dípò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gbẹ́rẹ́ ni ti Onesimus o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní àjèjì pátápátá ni èrò àjẹsára sí ènìyàn dúdú kò mọ ìtàn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi orúkọ àwọn àrùn. Àwọn kan wà tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbólóhùn odindi: rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, yírùnyírùn, mẹ́dọ̀wú, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ti mọ ohun tí àrùn ń ṣe. Ti ilẹ̀-gbóná yàtọ̀. Àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Baba, tàbí kí wọ́n sọ pé ilẹ̀ ń gbóná. Bí ó bá pa ènìyàn, a kì í pohùnréré ẹkún, a máa ń dúpẹ́ ni, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki Ọbalúayé ní Alápadúpẹ́. Àwọn àwòrò ni ń sin òkú bẹ́ẹ̀, ẹrù olóògbé sì máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní òkè òkun, wọ inú ẹgbẹ́ awo náà ní ìkọ̀kọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì ní àwọn kan nínú wọn ń fi ọwọ́ ara wọn tan àrùn náà kálẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn fòfin de ìbọ Ṣànpọ̀nná.

Mo ka ìtàn yìí fún yín kí ẹ lè rí i bí ẹ̀rù àrùn kan ti lè tó, débi pé èdè gan-an sá fún un. Ẹ̀rù náà ti lọ. Oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí ilẹ̀-gbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ìyá tí ó bímọ lónìí ní Ìtapá tàbí ní Àyèdé kò rí i rí. Kò sì wọ́pọ̀ mọ́ kí ó rí ọmọ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Ohun tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí ni ibà tí ó mú ọmọ lálẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́, itan tí ó wú, àti ẹkún tí kò jẹ́ kí ilé sùn. Ó fi ibi tí ó ń rí wé ibi tí kò rí, ó sì yan èyí tí ó yé e. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Àjẹsára ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ó pa ẹ̀rí ara rẹ̀ run.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí ó gbé bupá wọ ìlú. Ní ayé ìjọba amúnisìn, wolé-wolé ni ojú òfin ìmọ́tótó nínú ilé oníkálùkù. Wolé-wolé kan náà ni ń ṣí ìkòkò omi wò, bí ó bá sì rí tanwíji nínú rẹ̀, onílé di ẹlẹ́jọ́, ó san owó ìtanràn. Ìjọba tí ó rán an ni ó ń gba owó orí. Nígbà tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá na abẹ́rẹ́ sí ọmọ ẹni, tí ìyá bá gbé ọmọ sá wọ oko, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí a pè é? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá.

Ìtàn kejì ni ti ìgbàgbọ́, mo sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, nítorí ìdílé púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn líle pa ènìyàn kárí ayé, tí ilé ìwòsàn kò sì rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí i, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti gbàdúrà. Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti darapọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ìjọ tí kò gba oògùn kankan láyè. Ní 1930, Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní Òdò-Ọwá tí kò jìnnà sí àríwá Èkìtì níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Oyè ní Iléṣà. Iná ìsọjí náà sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti káàkiri Èkìtì. Oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó ni wọ́n jọ kọ̀ sílẹ̀ pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kíkọ̀ yìí kì í ṣe ti òpè: ó jẹ́ ìdáhùn àwọn ènìyàn tí ó ti rí oògùn méjèèjì tí ó kùnà lójú wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1967, ilẹ̀-gbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Abakaliki, ní ilẹ̀ Ìgbò. Nínú ẹni 32 tí ó mú, 30 ni ó jẹ́ ọmọ ìjọ Faith Tabernacle, àwọn tí wọ́n ti kọ bupá. Àdúrà wọn kò dín sí ti ẹnikẹ́ni. Àyè tí àrùn rí láàrin wọn ni ó pọ̀. Mo mọ àwọn pásítọ̀ lónìí tí wọ́n ń kéde ọjọ́ àjẹsára lórí pẹpẹ. Mo rò pé ohùn wọn ń ṣe ju ti rédíò lọ.

Mo wá dé ibi tí ó ṣe pàtàkì jù fún mi. Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà. Ààlà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni, ó súnmọ́ Òkè-Mẹ̀sí. Láti 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Èéyi ń pa ọmọ lọ bí ẹni gé ewé nígbà náà. Morley kọ̀wé sí àwọn tí ń wá abẹ́rẹ́ èéyi ní Boston, nínú ilé iṣẹ́ ìwádìí John Enders, ìdí sì nìyí tí Samuel Katz fi wá sí Nàìjíríà ní 1960. Àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ èéyi lẹ́yìn àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i ní 1963. Ibà mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rí ohun tí èéyi gan-an máa ń fi ojú ọmọ rí.

Kí ni ó mú kí ìyá Ìmẹ̀sí gbé ọmọ rẹ̀ fún àlejò tí ó ti òkè òkun dé? Wọ́n ti mọ ibi ìtọ́jú náà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àwọn tí ń wọn ọmọ níbẹ̀ mọ orúkọ ọmọ. Ohun kan sì wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: Morley ṣe ìwé kan tí wọ́n ń fa ilà sí bí ọmọ bá ti ń wúwo sí i, kò sì tọ́jú ìwé náà sínú àpótí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ni ó fi sí, ìyá ń gbé e lọ sílé, ó ń gbé e bọ̀. Ìwé yìí ni ó di irú èyí tí wọ́n ń lò kárí ayé lẹ́yìn náà. Mo kà á gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀: ó jẹ́ ìwé tí ìyá àti nọ́ọ̀sì jọ ń kọ, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ó ń sùn.

Ẹ fi í wé Kánò. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wá dán wò lára àwọn ọmọ tí àrùn ti dá dùbúlẹ̀. Ọmọ 200 ni wọ́n lò, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, pé àwọn sì gba àṣẹ lẹ́nu òbí; àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́, títí di 2009 tí wọ́n fi bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò parí rẹ̀ lórí mílíọ̀nù 75 owó dọ́là. Trovan kì í ṣe àjẹsára o. Ṣùgbọ́n ní 2003, nígbà tí ọ̀rọ̀ tàn ní Kánò pé oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, 1996 ni àwọn ènìyàn rántí. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá oògùn dúró fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Kí wọ́n tó tún gbà á ní 2004, wọ́n ní kí ó ti Indonesia wá, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí bíi tiwọn. Láàrin ìgbà náà, àrùn yìí ti gba Nàìjíríà kọjá sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú àdáyébá rẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

A lè rí ohun tí ó pín àwọn méjèèjì níyà. Ní Ìmẹ̀sí, ìwé wà lọ́wọ́ ìyá. Ní Kánò, ìwé ni ìjà. Ní oṣù Kẹwàá 2017 bákan náà, ariwo ta ní ìlà-oòrùn gúúsù pé àwọn sójà ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ nílé ìwé láti kó àrùn ọ̀bọ ràn wọ́n, àwọn òbí sì sáré lọ kó ọmọ wọn jáde. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti jẹ́ pé ẹni tí ó di abẹ́rẹ́ mú ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní apá ibi tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ kò le tó ti àríwá orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ òbí ń gbé ọmọ wá. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ kan rí pọ̀ jù láyé, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 2, àrùn èéyi kò sì mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ní àwọn abà oko Ìkọ̀lé, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Ìgbìrà àti Tífì ń gbé, èdè Yorùbá gan-an kò tó. Ìwé ìpolongo tí a sì kọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò ń sọ “ilé” fún ẹni tí ó ń sọ “ulé” látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohun kékeré ni, àmọ́ etí tètè máa ń mọ ohùn àlejò.

Ẹ̀rù tuntun tún ti dé. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tí ń dènà kòkòrò tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ariwo 2003 ti Kánò náà ni ó tún padà: yóò sọ wọ́n di àgàn. Ẹni tí ó bá fi “irọ́ ni” nìkan dáhùn kò tíì dáhùn. Ní àárín àwa tí a ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́, àgàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíṣeré. Kí a sọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe: pé ibi tí ọmọ ń gbà wá sáyé gan-an ni ó ń bà jẹ́, pé nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti mú ibẹ̀, wọ́n lè ní láti gé ilé ọmọ kúrò kí obìnrin má baà kú. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù àgàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ rẹ̀.

Mo ti jókòó gbọ́ orin tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń dá ní ọjọ́ àjẹsára, tí àwọn ìyá ń gbè é. Orin dídùn ni. Mo gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n orin pípè ni, kò ní ìdáhùn nínú. Bí orin bá parí, kí nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan pé ibà lè mú ọmọ lálẹ́ òní, pé itan rẹ̀ lè wú fún ọjọ́ méjì, pé bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó gbé e padà wá, kí ó sì béèrè òun ní orúkọ. Adáhunṣe kì í fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó fún ní oògùn.

Iṣẹ́ kan sì wà fún ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbé láàrin ìlú. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1965, tí ó rí ilẹ̀-gbóná lójú ará ilé rẹ̀, ti dé 70 ọdún báyìí. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bá àwọn arúgbó wọ̀nyí, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè ìlú wọn, ti Ìkọ̀lé ní ti Ìkọ̀lé, ti Mọ̀bà ní ti Mọ̀bà, kí wọ́n sì fún àwọn nọ́ọ̀sì láti máa fi í gbọ́ ní ọjọ́ àjẹsára, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì sọ ọ́, wọ́n ní kí a jẹ́ kí ó di sáà tí ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n níwájú yín pé kí a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí.